Ọmọ Ẹlẹ́dẹ̀ Tí Kò Ní Ihò Ìdí

Ẹ̀yin olùsìn ẹlẹ́dẹ̀, bí abo bá bímọ tán, ẹ gbé ọmọ kọ̀ọ̀kan, ẹ ká ìrù rẹ̀ sókè, kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Ẹ lè bá èyí tí ìdí rẹ̀ dí pa. Kì í ṣe àsàsí o.

Nígbà tí oyún ṣì kéré, ìfun ọlẹ̀ dà bí ọ̀pá tí a dí lójú méjèèjì. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan bo ọ̀nà ẹnu, òmíràn bo ọ̀nà ìdí. Bó ti ń dàgbà, awọ wọ̀nyí á já fúnra wọn, ọ̀nà á sì là. Bí ti ìdí kò bá já, tàbí tí ìfun kò gùn débẹ̀, ọmọ náà á mu ọmú ṣùgbọ́n kò ní lè yàgbẹ́. Ikùn rẹ̀ á wú. Akọ sábà máa ń kú bí dókítà ẹran kò bá tètè ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Abo míì máa ń yè é, nítorí ìgbẹ́ rẹ̀ á gba ojú ara jáde.

Ẹ má fi abẹ là á fúnra yín! Ó sì lè wà nínú ìran, nítorí náà ẹ má fi irú abo bẹ́ẹ̀ ṣe ìyá ẹran. Bí akọ kan bá ń bí irú ọmọ yìí léraléra, ẹ tà á fún alápatà.