Ààlà Páríìṣì Eyam

Láti ayébáyé ni wọ́n ti pín ìgbèríko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí páríìṣì páríìṣì. Páríìṣì ni ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ìtọ́jú ṣọ́ọ̀ṣì kan àti àlùfáà kan: abúlé kan tàbí méjì, oko tí ó yí wọn ká, pápá tí àgùntàn ti ń jẹko, odò àti igbó. Ní ọdún 1538 ni ìjọba pàṣẹ pé kí àlùfáà kọ̀ọ̀kan máa kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó bá ṣe ìrìbọmi fún, tí ó bá so pọ̀ ní ìgbéyàwó, tàbí tí ó bá sin, sínú ìwé páríìṣì rẹ̀. Páríìṣì náà ni ó ń gba ìdámẹ́wàá èrè oko, òun náà ni ó sì ń bọ́ àwọn aláìní rẹ̀. Nítorí náà ààlà páríìṣì kì í ṣe ohun tí a ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Ní ọ̀pọ̀ ibi, bí ọjọ́ Ìgòkè-re-Ọ̀run bá ti ń súnmọ́ lọ́dọọdún, àlùfáà àti àwọn àgbà a kó àwọn ọmọdé lẹ́yìn, wọn a rìn yí ààlà náà ká, wọn a sì máa fi ọ̀pá na òkúta àti igi tí ó sàmì sí i, kí àwọn tí ń dàgbà má baà gbàgbé ibi tí ilẹ̀ wọn parí sí.

Nínú gbogbo páríìṣì kéékèèké wọ̀nyí, ọ̀kan wà tí a kò lè dárúkọ ààlà rẹ̀ kí a má rántí ikú àti ìfẹ́ aládùúgbò. Eyam ni orúkọ rẹ̀. Bí wọ́n tilẹ̀ ń kọ ọ́ báyìí, “Íìmù” ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Àárín àwọn òkè Derbyshire ni ó wà, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kò sì jìnnà sí ìlú Sheffield. Ilẹ̀ òkè tí afẹ́fẹ́ tútù ń fẹ́ sí ni. Ní ìgbà tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, iṣẹ́ àwọn ènìyàn ibẹ̀ ni kí wọ́n máa sin àgùntàn, kí wọ́n máa dáko díẹ̀, kí wọ́n sì máa wa òjé nínú ilẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì Lọ́rẹ́ǹsì Mímọ́ ni ó wà láàárín abúlé náà, àgbélébùú olókùúta tí wọ́n ti gbẹ́ láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹjọ sì dúró nínú ọgbà rẹ̀ títí di òní.

Ní ọdún 1665, àjàkálẹ̀-àrùn ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Iye àwọn tí ó kú tí wọ́n sì kọ sílẹ̀ ju 68,000 lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wà tí a kò kọ. Nǹkan bí 150 máìlì ni ó wà láàárín Lọ́ńdọ̀nù àti Eyam, àwọn ará òkè wọ̀nyí sì rò pé ọ̀rọ̀ náà kò kan àwọn. Ṣùgbọ́n ìtàn sọ pé, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ọdún náà ń parí lọ, ẹrù aṣọ kan ti Lọ́ńdọ̀nù dé ilé aránṣọ kan tí ń jẹ́ Alexander Hadfield. Ọ̀rinrin ti mú aṣọ náà, ni ọmọkùnrin tí ń bá a ṣiṣẹ́, George Viccars, bá tú u, ó sì sá a sí ẹ̀gbẹ́ iná kí ó lè gbẹ. Kò pẹ́ tí ibà fi gbé e dálẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n sin ín. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọmọ ìyàwó aránṣọ náà kú, lẹ́yìn èyí ni àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í kú. Òtútù dé, àrùn náà rọlẹ̀ díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí oòrùn ọdún 1666 ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú, ó tún gbérí pẹ̀lú agbára ju ti ìṣáájú lọ.

Àwọn olówó díẹ̀ ti sá kúrò ní tiwọn. Àwọn tí ó kù bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ mọ́ láti sá lọ sí Sheffield àti àwọn abúlé tí ó yí wọn ká. Bí wọ́n bá lọ, ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbé ikú lọ́wọ́ lọ bá àwọn tí yóò gbà wọ́n sílé. Ta ni yóò wá bá wọn sọ ọ́ tí wọn yóò fi gbọ́?

Àlùfáà wọn, William Mompesson, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, kò sì tíì pẹ́ tí ó dé. Àwọn ará abúlé kò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tí ọkàn wọn fà mọ́ ni Thomas Stanley, àlùfáà tí ó ti wà ṣáájú rẹ̀, tí ó pàdánù ipò rẹ̀ nítorí pé kò gbà láti lo Ìwé Àdúrà tí òfin ọdún 1662 là sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ àwọn méjèèjì kò bára mu, ọba tí ọ̀kan ń gbàdúrà fún tọkàntọkàn sì ni ìjọba rẹ̀ ti yọ èkejì lóyè. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹfà ọdún 1666, Mompesson tọ Stanley lọ, àwọn méjèèjì sì fi ìmọ̀ ṣọ̀kan. Wọ́n jọ dúró níwájú ìjọ, wọ́n sì gbé ohun mẹ́ta kalẹ̀. Èkínní, kí ẹbí kọ̀ọ̀kan máa sin òkú tirẹ̀ sínú ọgbà tàbí oko tirẹ̀, láìgbé e wá sí itẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Èkejì, kí a ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, kí ìsìn sì máa wáyé ní gbangba. Ẹ̀kẹta ni ó le jù: kí ẹnikẹ́ni má ṣe jáde kúrò ní ààlà, kí àlejò má sì ṣe wọlé, títí àrùn náà yóò fi tán.

Àwọn ènìyàn náà gbà. Kò sí ọmọ-ogun tí ó dúró ní ojú ọ̀nà láti dá wọn padà. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni odi tí ó yí wọn ká. Ọlọ́lá Devonshire, tí ààfin rẹ̀ wà ní Chatsworth nítòsí ibẹ̀, ṣe ìlérí pé òun yóò máa fi oúnjẹ àti oògùn ránṣẹ́, ó sì mú ìlérí náà ṣẹ. Àwọn tí ń gbé e wá a sọ ọ́ kalẹ̀ ní ojú ààlà, wọn a sì yí padà. Òkúta kan wà láàárín Eyam àti abúlé Stoney Middleton tí wọ́n lu ihò sí. Inú ihò wọ̀nyí ni wọ́n ń da ọtí kíkan sí, tí wọ́n sì ń fi owó ọjà sínú rẹ̀, nítorí wọ́n gbàgbọ́ pé ọtí kíkan a máa pa oró àrùn. Ní ọjọ́ Ìsinmi, inú àfonífojì kan tí a ń pè ní Cucklet Delf ni wọ́n ń péjọ sí. Ẹbí kọ̀ọ̀kan a dúró lọ́tọ̀, ìdílé kan kò ní súnmọ́ èkejì, Mompesson a sì máa wàásù láti orí àpáta. Ọ̀sẹ̀ tí ó bá tẹ̀ lé e, àyè kan yóò tún ṣófo.

Oṣù Kẹjọ ni ó burú jù. Àwọn tí ó kú nínú oṣù kan ṣoṣo yìí ju 70 lọ. Ní òkè Riley, lẹ́yìn abúlé, Elizabeth Hancock sin ọkọ rẹ̀ àti ọmọ mẹ́fà láàárín ọjọ́ mẹ́jọ. Òun nìkan ni ó gbẹ́ ilẹ̀, òun nìkan ni ó wọ́ òkú wọn dé ibẹ̀. Ọkùnrin alágbára kan, Marshall Howe, ti ṣe àìsàn náà ó sì yè é. Ó gbà pé àrùn náà kò tún lè mú òun, ni ó bá ń bá àwọn tí kò ní ẹni mọ́ sin òkú, ó sì ń kó ẹrù òkú fún owó iṣẹ́ rẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, ìyàwó àti ọmọkùnrin tirẹ̀ ni ó gbé sin.

Ikú kò yọ ilé àlùfáà sílẹ̀. Mompesson ti rán àwọn ọmọ rẹ̀ méjì jáde kí wọ́n tó ti ààlà, ó sì bẹ Catherine aya rẹ̀ kí ó bá wọn lọ. Obìnrin náà kọ̀, ó ní òun kò ní fi ọkọ òun sílẹ̀. Ó ń bá ọkọ rẹ̀ bẹ àwọn aláìsàn wò láti ilé dé ilé, títí ó fi kú ní ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ. Ibojì rẹ̀ wà nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì títí di òní.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kọkànlá ọdún 1666 ni ẹni ìkẹyìn kú. Oṣù mẹ́rìnlá ni àrùn náà fi jà, nǹkan bí 260 ènìyàn ni ó sì pa. Àwọn òpìtàn kò fohùn ṣọ̀kan lórí iye àwọn tí ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn kan sọ pé 350 ni, àwọn mìíràn sì sọ pé wọ́n ju 700 lọ. Èyí ó wù kí ó jẹ́, ìlẹ̀kùn tí kò rí ẹni ṣí i mọ́ pọ̀ ní abúlé náà. Ṣùgbọ́n àrùn náà kò kọjá ààlà lọ sí àwọn abúlé àyíká.

Lóde òní, a ti mọ ohun tí Mompesson kò mọ̀. Ní ọdún 1894, ní Hong Kong, onímọ̀ ìṣègùn kan, Alexandre Yersin, rí kòkòrò àìfojúrí tí ń fa àrùn yìí. Eku ni ó máa ń wà lára rẹ̀, àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tí ń fò, tí ń mu ẹ̀jẹ̀ eku, ni wọ́n sì ń gbé e dé ara ènìyàn. Àrùn yìí kan náà ni ó wọ Èkó ní ọdún 1924. Oògùn wà fún un báyìí bí a bá tètè rí i. Nítorí ìmọ̀ yìí, àwọn kan ń béèrè bóyá ó tọ́ láti há àwọn ènìyàn mọ́ ibi tí eku àti kòkòrò wọn wà, nígbà tí ó ṣeé ṣe kí àwọn mìíràn là bí wọ́n bá túká. Ìbéèrè náà kò ṣeé fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. A kò sì gbọ́dọ̀ gbàgbé pé àlùfáà tí ó ní kí ọmọ ẹlòmíràn dúró ti kọ́kọ́ rán àwọn ọmọ tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn ará Eyam gbé lé òṣùwọ̀n kì í ṣe ẹ̀mí tiwọn nìkan. Ẹ̀mí àwọn tí ń bẹ ní òdìkejì ààlà ni wọ́n tún wò, wọ́n sì kà á sí ẹ̀mí ènìyàn.

Àwọn àgbà Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò dára, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ní Eyam, ẹni tí hẹ̀rẹ̀huru ń dà láàmú ni ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ kí aládùúgbò lè sùn. Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi tí ó kẹ́yìn oṣù Kẹjọ, àwọn ará ibẹ̀ ṣì máa ń ṣe ìrántí àwọn tí ó kú. Òkúta ààlà náà sì ṣì wà ní ojú ọ̀nà Stoney Middleton. Ihò rẹ̀ ti gbẹ, ẹni tí ó bá sì fẹ́ lè kọjá lára rẹ̀ sí ìhà èyí tí ó bá wù ú.