Ẹ Jẹ́ Kí A Ka Ohun Tí Òkúta Ibojì Ń Sọ

Bíbélì kíkà: Gẹ́nẹ́sísì 23:1-20, 35:16-20, Jóṣúà 4:1-9

Ète ẹ̀kọ́: Kí orúkọ àwọn ìyá wa má bàa parẹ́ nínú ìtàn ìdílé.



ÌFÁÀRÀ

Nígbà tí Sárà kú, Ábúráhámù kò gba ilẹ̀ ìsìnkú lọ́fẹ̀ẹ́. Irínwó ṣékélì fàdákà ni ó wọ̀n níwájú ẹlẹ́rìí, kí ibojì aya rẹ̀ lè jẹ́ ti ìdílé. Jákọ́bù gbé ọ̀wọ̀n ró sórí ibojì Rákélì. Jóṣúà to òkúta méjìlá jọ kí àwọn ọmọ tí a kò tíì bí lè béèrè ìtumọ̀ wọn. Wọn kò bọ òkú. Ẹ̀rí ni wọ́n fi lélẹ̀. Àwa náà kì í gbàdúrà sí òkú, a kì í sì í rúbọ lójú oórì, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a gbàgbé ibi tí a ti ṣẹ̀ wá.

ÌDÍ TÍ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ FI KÀN WÁ

Ní agbègbè Takie àti ní ọ̀pọ̀ agbo ilé Ògbómọ̀ṣọ́, inú ilé tàbí ìta ilé ni a ti ń sin àwọn àgbà láti ìgbà pípẹ́. Bí a bá tún ilé kọ́, a lè fi sìmẹ́ńtì bo ojú oórì, orúkọ tí ó wà níbẹ̀ a sì di àwátì.

Ẹni ńlá pàápàá kò bọ́ nínú èyí. Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther kú ní ọjọ́ 31 oṣù Dìsẹ́ḿbà 1891, a sì sin ín sí itẹ́ òkú Àjẹ́lẹ̀ ní Èkó. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba wó itẹ́ òkú náà, a sì gbé òkú Bíṣọ́ọ̀bù lọ sí Kàtídírà ní Marina. Ẹni tí kò lókìkí ńkọ́? Ta ni yóò béèrè rẹ̀ bí kì í bá ṣe ọmọ rẹ̀?

Ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́ ló sì ṣòwò ní Gáná, ní Tamale àti àwọn ìlú òkè ibẹ̀. Ní oṣù Nòfẹ́ḿbà 1969, ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré. Àwọn ènìyàn wa di ẹrù, wọ́n sì padà wálé, ṣùgbọ́n ibojì kò ṣeé dì lẹ́rù. Bí ìyá àgbà yín bá sùn síbẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ó padà bọ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà láàyè.

BÍ A ṢE Ń FỌ̀ Ọ́ TÍ A SÌ Ń KÀ Á

1. Ẹ gba àyè lọ́dọ̀ baálé. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ ìjọ ni, ẹ rí àlùfáà. Ẹ má ṣe dá lọ, ẹ sì ṣọ́ra fún ejò.

2. Bí òkúta bá ń ṣí tàbí tí ó ń mì, ẹ má ṣe fọ̀ ọ́. Ẹ kàn ya àwòrán rẹ̀.

3. Omi lásán àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ tó. Ẹ rin òkúta náà gbingbin, kí ẹ fọ̀ ọ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Igi pẹlẹbẹ ni kí ẹ fi họ ohun tí ó hù sí i lára.

4. Ẹ má ṣe lo ọṣẹ ìfọṣọ, ásíìdì, omi tí a fi ń sọ aṣọ di funfun, tàbí búrọ́ọ̀ṣì onírin. Wọn a máa jẹ ojú òkúta, lẹ́tà tí ó bá sì ti lọ kì í padà.

5. Ẹ lọ kà á ní òwúrọ̀ tàbí ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá ń tàn láti ẹ̀gbẹ́. Òjìji yóò mú kí lẹ́tà hàn. Ẹ má ṣe fi ṣọ́ọ̀kì kùn ún.

6. Ẹ dà á kọ bí ó ti wà gan-an. Ẹ lè bá "Ogbomosho" tàbí "Abbeokuta" pàdé. Ẹ má ṣe tún un ṣe. Ibi tí kò bá ṣeé kà, ẹ fa ìlà síbẹ̀.

ORÚKỌ TÍ KÒ SÍ LÓRÍ ÒKÚTA

Ibí yìí ni iṣẹ́ àwa obìnrin wà. Lórí ọ̀pọ̀ òkúta, orúkọ ìrìbọmi ìyá àti orúkọ ọkọ rẹ̀ nìkan ni a kọ. Níbo ni orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ wà? Kí ni oríkì rẹ̀? Agbo ilé wo ni a ti fẹ́ ẹ wá? Ìyá Crowther di Hannah nígbà tí ó gba ìrìbọmi ní Abẹ́òkúta ní 1848, ṣùgbọ́n Àfàlá, orúkọ rẹ̀ láti ilé, kò sọnù, nítorí pé a kọ ọ́ sínú ìwé.

Ẹ yẹ ọjọ́ orí náà wò. Bí òkúta bá sọ pé ìyá kan kú ní 1950 ní ẹni ọdún 120, a jẹ́ pé 1830 ni a bí i. Ṣùgbọ́n bí àwọn àgbà bá ní ọmọ ọwọ́ ni nígbà tí ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, kò lè ju nǹkan bí ẹni ọdún 75 lọ. Kì í ṣe irọ́ ni wọ́n fẹ́ pa. Kò sí ìwé ìbí láyé ìgbà náà.

IṢẸ́ ṢÍṢE

Kí ìpàdé oṣù mẹ́ta tí ń bọ̀ tó dé, kí olúkúlùkù wa kọ orúkọ ìyá rẹ̀, ti ìyá ìyá rẹ̀ àti ti ìyá bàbá rẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú oríkì àti agbo ilé tí a ti bí wọn. Kí a fi ẹ̀dà kan sínú Bíbélì ilé, kí a fún ọmọ ní èkejì.

FÚN ÀJÙMỌ̀SỌ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín bíbọ òkú àti rírántí òkú?

2. Oórì ta ni ó wà nínú agbo ilé yín tí ọmọ kékeré ibẹ̀ kò mọ orúkọ rẹ̀?

ÀDÚRÀ: Olúwa, ìwọ tí o mọ àwọn ìyá wa ní orúkọ, ràn wá lọ́wọ́ kí àwa náà má gbàgbé wọn. Àmín.