Ẹni Tó Lẹrú Ló Lẹrù

Òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni máa jẹ ẹ́ wà níbòji. Àìmọye akọrin lòwe yìí bá mu. Wọ́n forí ṣe, wọ́n fọrùn ṣe, àmọ́ ìwé tí wọ́n tètè fọwọ́ sí ti gbé owó wọn fún ẹlòmíì. Dolly Parton, àgbà akọrin kọ́ńtìrì ilẹ̀ Amẹ́ríkà, kò gbà kí ìyẹn ṣe òun.

Kì í ṣọmọ olówó. Ọdún 1946 ni wọ́n bí i ní Sevier County, ìpínlẹ̀ Tennessee, ọmọ kẹrin nínú ọmọ méjìlá. Ní 1964, ọjọ́ kejì tó jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, ó kọrí sí Nashville. Kí òkìkí rẹ̀ tó kàn, òun àti Bill Owens, àbúrò ìyá rẹ̀, ti dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ láti máa tọ́jú ẹ̀tọ́ orí orin tí wọ́n bá kọ.

Ọgbọ́n ńlá nìyẹn. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ti ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àti ohùn orin fúnra rẹ̀, ẹni tó ṣe é ló ni ín, bí kò bá ti fi tọrẹ. Ẹnikẹ́ni tó bá tún un kọ, owó á kan ẹni tó ni ín.

Ní 1974, I Will Always Love You, tí Dolly kọ nígbà tó fẹ́ fi Porter Wagoner ọ̀gá rẹ̀ sílẹ̀, gòkè dé ipò kìíní láàárín orin kọ́ńtìrì. Elvis Presley, gbajúmọ̀ akọrin, fẹ́ kọ ọ́. Inú Dolly dùn dé góńgó! Ó ku díẹ̀ kí wọ́n wọ sítúdíò ni Colonel Tom Parker, tó ń bójú tó iṣẹ́ Elvis, ní àfi kó yọ̀ǹda ìdajì ẹ̀tọ́ orin náà. Dolly kọ̀. Ó sunkún mọ́jú, àwọn kan sì ní orí rẹ̀ dàrú.

Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba. Ní 1992, Whitney Houston kọ orin yẹn nínú fíìmù The Bodyguard, ó sì wà ní ipò kìíní ní Amẹ́ríkà fún ọ̀sẹ̀ 14. Ẹ̀tọ́ tí Dolly kò tà ló mówó wálé.

Pínpín ẹ̀tọ́ kò burú bí ẹni tó ń gba ìpín bá ṣiṣẹ́ sí i. Parker kò fi ọ̀rọ̀ kan kún orin náà. Nítorí náà, kí ọ̀dọ́ akọrin tó fọwọ́ síwèé, kó béèrè: ẹ̀tọ́ wo ni wọ́n ń gbà? Ọdún mélòó? Ṣé yóò padà sọ́wọ́ òun? Lọ́yà tirẹ̀ ni kó ka ìwé ọ̀hún, kó má ṣe jẹ́ ti ilé iṣẹ́. Bó bá sì jẹ́ pé òun àti ọ̀rẹ́ ló jọ kọ orin, kí wọ́n kọ ìpín oníkálukú sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n fọwọ́ sí i, kí wọ́n tó tú ká.