Ṣé Ó Yẹ Kí Àgbà Lo Ẹ̀rọ Ìgbọ́ràn?

Bí àgbà kan ní Ìgbàrà-Òkè kò bá jẹ́ wa ní kíkí, ẹ má ṣe pè é ní agbéraga. Bóyá etí ni kò gbọ́ dáadáa. Kí ẹ tó ra ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Bí ìdọ̀tí bá dí etí, tàbí tí etí ń ṣọyún, ìtọ́jú nìkan lè tó. Etí tí ó ṣàdédé di kò gbọdọ̀ di ọ̀la. Ṣùgbọ́n bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ogbó tàbí ariwo ẹ̀rọ ìlagi ni ó ba ìgbọ́ràn jẹ́, ẹ̀rọ lè ṣe ìrànlọ́wọ́. Kì í sọ etí di ọ̀tun. Ó ń mú kí ohùn dún sókè ni, ó sì ń gba ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí ó tó mọ́ni lára. Ẹ ṣírò owó bátìrì pẹ̀lú. Ẹ má ṣe fi falẹ̀: ẹni tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mọ́ a máa dá wà láàárín ẹbí rẹ̀.