Ẹ̀kọ́ Kẹjọ: Ìtọ́jú Gbòǹgbò Eyín

Eyín ẹ̀yìn kan kò jẹ́ kí ìyá aláṣọ kan fojú kan oorun. Bó bá mu omi tútù, eyín náà á ta á. Bó bá mu ẹ̀kọ gbígbóná, á gbé e mì tán, eyín á ṣì máa ro ó. Ó ti fi omi iyọ̀ yọ́ ẹnu, ó ti ki kànáfùrù bọ ihò eyín náà. Ìrora á lọ, á tún padà. Síbẹ̀ kò lọ sọ́dọ̀ dókítà eyín, nítorí abẹ́rẹ́ ń bà á lẹ́rù.

Kí ló wà nínú eyín?

Òde eyín le ju egungun lọ, ṣùgbọ́n ẹran rírọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Iṣan ẹ̀jẹ̀ àti iṣan tó ń jẹ́ ká mọ ìrora wà nínú ẹran yìí. Ó gba ihò tín-ín-rín wọ inú gbòǹgbò lọ. Eyín iwájú sábà máa ń ní ihò kan. Eyín ńlá ẹ̀yìn lè ní mẹ́ta tàbí mẹ́rin.

Kì í ṣe ìdin ló ń jẹ eyín. Àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí ló ń jẹ ṣúgà tó lẹ̀ mọ́ eyín, tí wọ́n ń sọ ọ́ di omi kíkan. Omi kíkan yìí ló ń gbẹ́ eyín díẹ̀díẹ̀. Bó bá dé ibi ẹran rírọ̀, ẹran náà á fẹ́ wú, ṣùgbọ́n kò ráàyè, torí ohun líle ló yí i ká. Ìdí nìyẹn tí ìrora náà fi ń le. Bó bá pẹ́, ẹran náà á kú, ọyún á sì gbára jọ sí ìdí gbòǹgbò.

Ohun tí dókítà ń ṣe

Dókítà lè yọ eyín náà, tàbí kó tọ́jú gbòǹgbò rẹ̀ kí eyín lè dúró lẹ́nu. Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú gbòǹgbò nìyí:

1. Wọ́n á ya fọ́tò inú eyín, èyí tí à ń pè ní èsìréè.
2. Wọ́n á gún abẹ́rẹ́ sí erìgì kí ibẹ̀ lè kú.
3. Wọ́n á fi rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yí eyín ká, kí oògùn má bàa já sọ́nà ọ̀fun.
4. Wọ́n á lu ihò kékeré sórí eyín, wọ́n á fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ ha inú gbòǹgbò, wọ́n á sì fi oògùn fọ̀ ọ́.
5. Wọ́n á fi gutta-percha dí i. Oje igi tó ń hù nílẹ̀ Malaysia ni, ó dà bíi rọ́bà.
6. Wọ́n á dí ojú ihò náà. Eyín ẹ̀yìn sábà máa ń nílò ìdérí kó má bàa là.

Ó lè gba ìjókòó kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó rẹ̀ sábà máa ń ju ti yíyọ eyín lọ, nítorí náà ẹ béèrè iye rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀.

Bí ara ṣe lè tù yín

Oògùn tí wọ́n sábà ń lò nínú abẹ́rẹ́ náà ni lidocaine. Orílẹ̀-èdè Sweden ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, ní 1943. Bó bá ti ràn, ẹ ó mọ̀ pé wọ́n ń tẹ eyín, ṣùgbọ́n kò yẹ kó dùn yín. Àmọ́ níbi tí ọyún bá wà, ara ibẹ̀ máa ń kan, oògùn náà kì í sì í tètè ràn. Ẹni tó ń sá fún abẹ́rẹ́ títí ọyún fi dé, òun gan-an ló ń dín agbára abẹ́rẹ́ náà kù.

Nígbà tí ìyá aláṣọ wá lọ, dókítà sọ fún un pé, "Ìyá, bó bá dùn yín, ẹ na ọwọ́ òsì sókè. Mo máa dúró."

"Dókítà, ṣé ẹ ò ní bínú?"

"Rárá o, mà. Abẹ́rẹ́ kan lè má tó. A ó fi kún un."

Ó na ọwọ́ lẹ́ẹ̀kan, dókítà dúró, ó fi abẹ́rẹ́ kún un, iṣẹ́ sì tẹ̀ síwájú. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Kí ẹ tó jókòó, ẹ sọ fún dókítà bí ẹ bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, bí ẹ bá lóyún, tàbí bí oògùn kan kì í bá bá yín lára mu. Ẹ sọ fún un pé ẹ̀rù ń bà yín. Ẹ rọra máa fi imú mí.

Lẹ́yìn náà, ètè lè kú fún wákàtí méjì sí mẹ́ta. Ẹ má jẹun kó tó jí, kí ẹ má bàa ge ahọ́n jẹ. Eyín lè máa ro díẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ lo oògùn tí dókítà bá kọ.

Ẹ ṣọ́ra: Ẹ má da omi bátìrì sínú ihò eyín, ẹ má sì fi aspirin lé erìgì. Wọ́n máa ń bó ẹran ẹnu. Bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bá wú, tí ibà dé, tàbí tí mímí tàbí gbígbé nǹkan mì di ìṣòro, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀.

Ìbéèrè

1. Kí ló ń gbẹ́ eyín?
2. Kí nìdí tí abẹ́rẹ́ kì í fi í tètè ràn níbi tí ọyún wà?
3. Kí ni ìyá aláṣọ ṣe nígbà tí eyín dùn ún lórí àga?
4. Kí ni ẹ máa sọ fún dókítà kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́?