Àròkọ Aláṣàpèjúwe: Igi Ewúro

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, bí a bá ní kí ẹ ṣàpèjúwe igi kan, ẹ má ṣe sáré lọ sórí ìwúlò rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí òǹkàwé rí i: igi, ewé, òdòdó, èso. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan kọ ọ́ nígbà kan pé ewúro kì í yọ òdòdó. Ọbẹ̀ ló mọ̀, kò mọ igi. Máàkì sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí:

“Ewúro kan wà lẹ́yìnkùlé wa ní Ìyànà-Ìbà. Igi kékeré ni, ó fi díẹ̀ ga ju àgbàlagbà lọ. Èèpo rẹ̀ kò dán, láti ìdí ni ó sì ti pẹ̀ka. Ewé rẹ̀ gùn gbọọrọ, ó ṣe ṣónṣó lẹ́nu, etí rẹ̀ sì ní eyín wẹ́wẹ́ bí ayùn. Bí a bá tọ́ ọ wò, ó korò. Òdòdó rẹ̀ ṣọ̀wọ́n, nítorí pé ojoojúmọ́ ni ìyá mi ń já a sọ́bẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka tí ọwọ́ wọn kò tó a máa yọ òdòdó funfun kéékèèké tó ṣù jọ, oyin a sì máa bà lé e. Bí ó bá gbẹ, èso rẹ̀ tíntìntín, tó ní irun lórí, a bá atẹ́gùn lọ. Síbẹ̀, ẹ̀ka ni a fi ń gbìn ín: a ó gé e, a ó rì í mọ́lẹ̀, yóò sì hù.”

Ẹ lọ wo igi kan fínnífínní lónìí kí ẹ tó mú bírò. Ìṣòro wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro.