Àpótí Ìmọ̀: Igi Tùràrí Orí Òkè Somaliland

Ọdún 2019 ni àwọn onímọ̀ ewéko tó fún Boswellia occulta ní orúkọ. Àwọn tó ń kó tùràrí lórí òkè Somaliland kò dúró dè wọ́n: wọ́n ti ń ta oje igi náà tipẹ́. Wọ́n ń dà á pọ̀ mọ́ ti Boswellia carteri, igi tùràrí mìíràn, àwọn oníbàárà òkè òkun kò sì mọ̀.

Òróró inú oje náà ló tú àṣírí. Àyẹ̀wò fi hàn pé èròjà methoxydecane wà nínú rẹ̀, èyí tí kò yẹ kó sí nínú òróró carteri.

Àwọn tó ń kó oje á fi irin ha èèpo igi, oje á sun jáde, á gbẹ, á sì le bí òkúta wẹ́wẹ́ kí wọ́n tó padà wá ṣà á. Ọgbẹ́ àpọ̀jù lè pa igi náà, agbègbè kékeré kan ṣoṣo sì ni wọ́n ti rí i.